Ẹ Yẹ Wáyà Wò Kí Ẹ Tó Tú Àpótí Gíà

Ẹ má kánjú. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Èmi ò ní ọkọ̀, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ó kàn yín. Bí ọkọ̀ tó ń gbé epo yín lọ sí Sakété bá dúró, epo yín náà dúró. Bí ọmọ yín bá sì ra ọkọ̀ ní Kútọnu, ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti wá yá owó lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ní Yoko ra Toyota Camry kan ní Kútọnu. Ọkọ̀ ọdún 1992 ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá síbí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó èrò láti Yoko lọ sí Sakété. Nígbà míràn a máa dé Àjàṣẹ́, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ Peugeot 504 tó ti gbé wa rí, awakọ̀ a máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a sì máa fi ọwọ́ yí gíà. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Awakọ̀ kàn máa fi ọ̀pá gíà sí ibi tí a kọ D sí ni. Ọkọ̀ yóò máa yí gíà fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀tọ̀mátíìkì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ náà kò fẹ́ gbéra mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa. Kò ṣe èéfín. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá fi gíà sí D, ọkọ̀ á máa wọ́ nílẹ̀ bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá ti rìn fún ìgbà díẹ̀, tó ti ń sáré, á tún máa lọ geere. Iná kékeré kan sì wà níwájú awakọ̀ tí a kọ O/D OFF sí. Iná náà ń ṣẹ́jú. Ó ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú.

Wọ́n pe mẹkáníìkì. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sókè, ó wà á bọ̀, ó sì mi orí. Ó ní, "Àpótí gíà ti lọ. Ẹ lọ wá òmíràn rà." Ó ṣírò owó àpótí náà pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́. Ó jẹ́ 350.000 sẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní ni oko ọ̀pẹ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un. Ó ti bá ẹnì kan sọ ọ́ pé òun yóò fi oko náà dógò. Ohun kan ṣoṣo tó dá ọ̀rọ̀ náà dúró ni pé ẹni náà kò tíì kó owó jọ.

N kò pe mẹkáníìkì yẹn ní olè o. Ara 504 ló ti kọ́ṣẹ́. Nínú 504, bí gíà bá ṣe wàhálà, inú irin ni ẹ ó lọ wò. Ohun tó mọ̀ ló sọ.

Ṣùgbọ́n inú àpótí ọ̀tọ̀mátíìkì kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù sì ń ti òróró gba inú àwọn ihò tóóró. Ibi tí òróró bá ti fi agbára wọlé, gíà ibẹ̀ ni yóò di ọkọ̀ mú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń tà irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940, kò sí iná mànàmáná nínú ọ̀rọ̀ yíyí gíà. Òróró nìkan ló ń dá a ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá fi iná kún un.

Nínú Camry bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, kọ̀ǹpútà kékeré kan wà. Ó ń wo bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Ó ń wo bí awakọ̀ ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn tó. Òun ló ń pàṣẹ gíà tí ó kàn. Àṣẹ rẹ̀ ń gba inú wáyà lọ sínú àpótí gíà. Nínú àpótí náà, wọ́n wé wáyà wẹ́wẹ́ yí irin ká. Bí iná bá wọ wáyà náà, irin yẹn á di òòfà, á sì ṣí ọ̀nà fún òróró tàbí kó dí i. Àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní sólẹ́nọ́ìdì. Bí orúkọ yìí bá le lẹ́nu yín, ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ilẹ̀kùn oníná.

Ó dà bí baálé tó jókòó nínú ilé, tó rán ọmọ níṣẹ́ sí aládùúgbò. Bí ọmọ náà bá ṣubú lójú ọ̀nà, iṣẹ́ kò ní dé. Aládùúgbò kò mọ̀ pé wọ́n rán iṣẹ́ sí òun. Ṣé a ó wá sọ pé aládùúgbò ti kú?

Ilẹ̀kùn oníná méjì ló ń yan gíà mẹ́rin ọkọ̀ náà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín:

Gíà 1: ilẹ̀kùn kìíní ní iná, ìkejì kò ní.
Gíà 2: méjèèjì ní iná.
Gíà 3: ilẹ̀kùn kìíní kò ní, ìkejì ní.
Gíà 4: méjèèjì kò ní iná.

Ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Bí iná kò bá dé ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì, gíà kẹrin ni ọkọ̀ yóò wà. Gíà kẹrin, eré orí títì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá fi gíà kẹrin gbéra láti ojú kan, ọkọ̀ rẹ̀ á wọ́. Bó bá ti ń sáré tán, á lọ dáadáa. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló sọ pé kí wọ́n pe oníná ọkọ̀ kí wọ́n tó fi oko dógò. Ó ní, "Iná ló ń ṣẹ́jú. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa iná." Oníná kan wá láti Sakété. Àwọn ará òdìkejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, ń pe irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní rẹwáyà. Ọkùnrin náà kò mú sípánà jáde. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi wá. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀ àbí lójijì? Ẹ̀gbọ́n mi ní lójijì ni. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ọkọ̀ náà yá gágá. Ibo ni ọkọ̀ sùn? Ẹ̀gbẹ́ àká àgbàdo. Oníná rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sọ nǹkan.

Ó wá wo òróró àpótí gíà. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, ó fi gíà sí P, kò pa ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nínú Toyota yìí. Ó fa ọ̀pá òróró yọ, ó fi aṣọ funfun nù ún. Òróró náà pupa, ó sì mọ́. Kò rí bí epo pupa tiwa tó ki. Kò rùn. Bí inú àpótí bá ti jóná, òróró á dúdú, á sì máa rùn bí epo tí wọ́n ti fi dín àkàrà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lè ní ẹ̀rún irin nínú pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ìyẹn, òótọ́ ni mẹkáníìkì sọ, ẹ máa wá owó. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ náà lójú ọ̀nà oko. Kó má fi gíà sí D, kó fi sí L. Ọkọ̀ náà gbéra bí ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀! Gbogbo wa pariwo. Ó ní kó fi sí 2. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ti L. Ó ní kó fi sí D. Ó tún ń wọ́. Oníná ṣàlàyé fún wa. Nínú irú Camry yìí, bí iná bá kú nínú ilẹ̀kùn méjèèjì, L á fún yín ní gíà 1, 2 á fún yín ní gíà 3, D á fún yín ní gíà 4. Bí ẹ bá rí gíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì di ọkọ̀ mú dáadáa, irin inú àpótí náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Iná ni kí ẹ wá.

Ibi tó kàn ni ibi tó dùn mọ́ èmi olùkọ́ jù lọ. Nínú ilé ẹ́ńjìnnì, àpótí kékeré dúdú kan wà tó ní ideri. Wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí i lórí. Ní inú ideri náà, wọ́n kọ orúkọ ihò kọ̀ọ̀kan. Oníná wá ihò tó ń jẹ́ TE1 àti ihò tó ń jẹ́ E1. Ẹ̀yin náà lè kà wọ́n: lẹ́tà T, lẹ́tà E, nọ́ńbà 1. Ó fi wáyà kúkúrú kan so ihò méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ki wáyà bọ ihò míràn lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ó rí i pé bọ́tìnì O/D tó wà lára ọ̀pá gíà wà ní títẹ̀, kí iná iwájú má baà kàn tàn kalẹ̀. Ó ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sítáàtì ẹ́ńjìnnì.

Iná O/D OFF bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí àìsàn kankan, á máa ṣẹ́jú wéréwéré láìdúró. Bí àìsàn bá wà, á máa ka nọ́ńbà. Oníná ní kí ẹnì kan mú bírò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó ń wá sí kíláàsì wa lálaalẹ́, ló mú ìwé rẹ̀ wá. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó dúró díẹ̀. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó kọ 62. Iná dúró pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó dúró, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó kọ 63. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 62. Wọ́n jẹ́ kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ó dá wọn lójú.

Nínú ọkọ̀ yẹn, 62 ń tọ́ka sí ilẹ̀kùn oníná kìíní. 63 ń tọ́ka sí ìkejì. 64 ń tọ́ka sí ìkẹta, tí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. 42 àti 61 ń tọ́ka sí àwọn ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ti ń sáré tó.

Ẹ fi ara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni owó ń bá lọ. Nọ́ńbà 62 kò sọ pé ilẹ̀kùn kìíní ti bàjẹ́. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà iná tó lọ sí ilẹ̀kùn kìíní kò pé. Ó lè jẹ́ ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ wáyà. Ó lè jẹ́ ibi tí wáyà ti so kọ́ra, tí omi àti ìpẹtà wọ̀. Ẹni tó bá ka 62, tó sì sáré lọ ra sólẹ́nọ́ìdì, ó lè ra á lásán.

Nítorí náà, oníná yọ orí bátìrì tí a kọ àmì ìyọkúrò sí. Ó fa wáyà yọ lára àpótí gíà. Ó gbé mítà rẹ̀ jáde, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná. Ó fi ẹnu kan kan ilẹ̀kùn kìíní, ó fi ìkejì kan irin àpótí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní óòmù ló ń wá. Ti ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 11 sí 15. Mítà kọ 13. Ó wọn ìkejì. Ó tún kọ 13. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí yè." Ó wá wọn wáyà fúnra rẹ̀ láti orí dé ìdí. Mítà kò sọ nǹkan kan. Wáyà ti já níbì kan.

Ó gbé bátìrì sọ̀ kalẹ̀, ó yọ àwo tí bátìrì jókòó lé. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí háríhá àgbàdo, òwú, àti ìgbẹ́ èkúté. Èkúté ti kọ́lé síbẹ̀! Ó ti jẹ wáyà méjì já pátápátá. Ó ti bó ara ìkẹta, ṣùgbọ́n kò tíì já a. Èkúté tó ń jẹ àgbàdo wa lọ́dọọdún, a ti mọ̀ ọ́n. A kò mọ̀ pé oko ọ̀pẹ wa náà ló fẹ́ jẹ.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́. Ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ó bó orí wáyà, ó fi wáyà tuntun tó nípọn bákan náà pàra, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi òjé jó wọn mọ́ra. Kò jẹ́ kí ojú ìso méjì wà ní ọ̀gangan kan náà, kí wọ́n má baà kan ara wọn. Ó fi téèpù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì so gbogbo wọn jìnnà sí páìpù èéfín tó ń gbóná. Àwọn kan máa ń lọ́ wáyà lásán, wọ́n á fi ọ̀rá wé e. Ìyẹn á di òjò kan péré. Ó dá bátìrì padà. Ó pa kọ́kọ́rọ́, ó yọ fíùsì tí a kọ EFI sí fún ìgbà díẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè gbàgbé nọ́ńbà àtijọ́, ó dá a padà. Nígbà tó tún so TE1 mọ́ E1, iná ń ṣẹ́jú wéréwéré láìdúró. Ẹ̀gbọ́n mi fi gíà sí D. Ọkọ̀ gbéra. Owó tó gbà jẹ́ 8.000 sẹ́fà, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀bà kan.

Nígbà tí mo ti sọ ti fíùsì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Nọ́ńbà wà lórí fíùsì kọ̀ọ̀kan. Lórí àwọn fíùsì pẹlẹbẹ tó wọ́pọ̀, 10 máa ń jẹ́ pupa, 15 máa ń jẹ́ búlúù, 20 máa ń jẹ́ yẹ́lò, 30 sì máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Bí 15 bá jó, 15 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi 30 síbẹ̀. Ẹ má fi bébà dídán inú páálí sìgá wé e. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ fíùsì ni kó kú kí wáyà má baà kú.

Bátìrì tí kò lágbára náà lè da orí kọ̀ǹpútà rú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà yẹ kó ka nǹkan bíi fóòtì 14. Bí kò bá ju 12 lọ, bátìrì kò gba oúnjẹ nìyẹn. Ẹ tún ìyẹn ṣe ná kí ẹ tó bá gíà jà.

Ọ̀rọ̀ míràn tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa gbọ́dọ̀ gbọ́. Tí ọkọ̀ bá kú, kíá ni wọ́n máa ń péjọ tì í kó lè sítáàtì. Ọ̀tọ̀mátíìkì kì í sítáàtì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, pọ́ǹpù òróró kò yí. Agbára yín á ṣòfò. Bákan náà, ẹ má fi okùn fa Camry lọ sí ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ni gíà ń yí. Bó bá ń yí tí òróró kò sì lọ káàkiri, irin inú àpótí á máa ha ara wọn. Àpótí tó yè lè ti ibẹ̀ di òkú. Kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè kí wọ́n tó fà á.

Àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn ti ẹ̀gbọ́n mi kì í fi iná ṣẹ́jú ka nọ́ńbà mọ́. Ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ní ihò kan lábẹ́ iwájú awakọ̀. Ihò náà ní ẹnu 16. Oníná á ki ẹ̀rọ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á sì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07, ọ̀rọ̀ àpótí gíà ni. Bí àpẹẹrẹ, P0753 ń tọ́ka sí ọ̀nà iná ilẹ̀kùn kan, bíi 62 ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kí oníná kọ nọ́ńbà náà sórí bébà fún yín kó tó pa á rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Bébà yẹn ni ẹ ó fi han oníṣẹ́ kejì bí ti àkọ́kọ́ bá sọ owó tó pọ̀.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká mọ́. Ìta gbangba ló ń sùn báyìí, níbi tí a ti gbá ilẹ̀ mọ́. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣí ilé ẹ́ńjìnnì, á yẹ abẹ́ bátìrì wò. Ìwé tí ìyàwó rẹ̀ kọ 62 àti 63 sí wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ẹni tó fẹ́ gba oko ọ̀pẹ náà kó owó rẹ̀ wá ní ọjọ́ kẹta. A fún un lómi mu, a sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì ni a ó sọ. Ẹ mú bírò dání. Ó dàbọ̀ o.